Omi, Kẹ̀kẹ́ àti Ẹsẹ̀

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òtítọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ó hàn gbangba ní agbègbè tí èmi ń gbé, èyíinì ni Ọ̀jọ́, Ìba àti Okokomaiko, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Èkó. Omi wà ní gúsù wa, ọ̀sà tóóró tí ó so Àgbádárìgì pọ̀ mọ́ Èkó. Lórí rẹ̀ ni àwọn Àwórì àti àwọn Ègùn ti ń wa ọkọ̀ láti ayébáyé. Ọ̀nà títì ńlá tí ó lọ sí Àgbádárìgì, tí ó sì dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, gba àárín wa kọjá. Láti ara rẹ̀ ni ọ̀nà mìíràn ti yà sí ìhà àríwá, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, lọ sí Ìba àti Igando. Ní 2009 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti sọ ọ̀nà Àgbádárìgì di ọ̀nà mẹ́wàá, kí ọkọ̀ ojú irin sì wà láàárín rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní ọjọ́ 4 oṣù September, 2023. Okokomaiko ni a sì pinnu pé yóò parí sí. Nítorí náà àwa ará ìhín mọ ohun tí à ń pè ní sùúrù lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá lè gba orí omi yóò wá ohun tí ó ní àgbá; ẹni tí kò bá rí ohun tí ó ní àgbá yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa eré ìje kan nínú èyí tí ènìyàn yóò lúwẹ̀ẹ́, tí yóò gun kẹ̀kẹ́, tí yóò sì sáré, láìsí ìsinmi láàárín wọn, mo wí nínú ọkàn mi pé ìṣe àwọn ará ilé wa ni a sọ di eré. Triathlon ni àwọn òyìnbó ń pè é, láti inú èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìjà-ìje mẹ́ta. Àwa pè é ní Eré Ìje Mẹ́ta, ó sì yé àwọn ọmọdé.

Ìbẹ̀rẹ̀ eré yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù September, 1974, ní ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn asáré kan pe ènìyàn jọ sí etí omi tí a ń pè ní Mission Bay. Ènìyàn 46 ni ó jáde. Kí àwọn tí ó kẹ́yìn tó parí, ilẹ̀ ti ṣú. A ní láti tan iná ọkọ̀ mọ́tò sí ojú omi kí wọ́n lè rí ọ̀nà wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kíyè sí èyí, nítorí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ mi. Láti ọjọ́ kìíní gan-an ni eré yìí kò ti lè ṣe láìsí ẹni tí kò díje rárá, ẹni tí ó kàn dúró létí omi pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀.

Ní 2000, ní Sydney ní ilẹ̀ Australia, a gbà á wọ inú eré Òlíḿpíìkì. Ìwọ̀n tí a fi lélẹ̀ níbẹ̀ ni ìlúwẹ̀ẹ́ kìlómítà kan àti ààbọ̀, kẹ̀kẹ́ kìlómítà 40, àti ìsáré kìlómítà 10. Ní Rio ní 2016, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan, Henri Schoeman ti South Africa, gba àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn alágbára nìkan ni ó ni eré náà. A lè dín ọ̀nà rẹ̀ kù fún ọmọdé, ẹni mẹ́ta sì lè pín in láàárín ara wọn, kí ọ̀kan lúwẹ̀ẹ́, kí ọ̀kan gun kẹ̀kẹ́, kí ẹnì kẹta sì sáré. Irú èyí ni ó bá àwa mu.

Ní ọdún kan tí kò tíì jìnnà, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa àti àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tọ àwọn àgbà lọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe irú eré yìí ní ìwọ̀n kékeré: ìlúwẹ̀ẹ́ ọgọ́rùn-ún mítà ní ibi tí omi gbé parọ́rọ́, kẹ̀kẹ́ kìlómítà 8, àti ìsáré kìlómítà 3. A pe ìpàdé. Àwọn kan béèrè bí èyí bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọ. Àwọn mìíràn sọ̀rọ̀ nípa àwọn awakọ̀ dánfó àti àwọn ọlọ́kadà. Nígbà náà ni ìyá kan dìde, opó ni. Ó ti pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí kò sì padà wá sílé. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ dákun, ṣé omi tí ó gbé ọkọ mi lọ ni ẹ fẹ́ kí ọmọ mi máa fi ṣeré?”

Ilé dákẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀rín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni àgbà olùkọ́ kan dá a lóhùn pé, “Ẹ ṣeun, Màmá. Ọ̀rọ̀ yín wúwo, a kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá omi náà ni a ń gbé. Bí ọmọ kò bá bá omi pàdé ní ọjọ́ eré, tí gbogbo wa ń wò ó, ó lè bá a pàdé ní ọjọ́ tí kò sí ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

Ohun tí a fi ẹnu kò lé lórí ni pé a kì yóò ṣe eré náà àfi bí iye àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn láti ṣọ́ àwọn ọmọ bá ju iye àwọn ọmọ náà lọ. A wá apẹja Ègùn kan, àgbà ọkùnrin tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, pé kí ó kọ́ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí ó tó kọ́ wọn bí a ti ń lọ síwájú, ó kọ́ wọn bí a ti ń fò lójú omi láìṣe wàhálà, àti bí a ti ń na ọwọ́ sókè bí agara bá dé. Nígbà tí a sì ń pín iṣẹ́, a bẹ opó náà pé kí ó wà lára àwọn tí yóò ka orí àwọn ọmọ bí wọ́n bá ti ń wọ inú omi àti bí wọ́n bá ti ń jáde. Àwọn kan rò pé ìkà ni èyí. Èmi rò pé ọgbọ́n ni, nítorí ẹni tí ó bẹ̀rù omi jù lọ ni ojú rẹ̀ kì yóò kúrò lára omi.

Ọjọ́ náà pé, ọjọ́ Sátidé ni, ní kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ tí yóò lúwẹ̀ẹ́ jẹ́ 18, olúkúlùkù sì dé fìlà pupa kí a lè rí i. Ọkọ̀ méjì wà lójú omi; apẹja wa dúró nínú ọ̀kan pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀. A gbàdúrà ní ṣókí, a fun fèrè, omi sì hó yeye.

Wọn kò tíì dé àárín nígbà tí fìlà kan dúró sójú kan. Pajápajá ti mú ọmọ náà ní ẹsẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ. Kí a tó lè lanu, ọkọ̀ apẹja ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ náà sì di etí ọkọ̀ mú. Apẹja kò fà á wọ inú ọkọ̀ kíákíá; ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì bi í pé, “Ṣé o fẹ́ wọlé, àbí o fẹ́ sinmi?” Òfin eré yìí gbà pé kí òlúwẹ̀ẹ́ di ọkọ̀ mú kí ó sì mí, bí ọkọ̀ náà kò bá ṣáà ti gbé e síwájú. Ọmọ náà ní òun fẹ́ sinmi. Ó sinmi títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí lúwẹ̀ẹ́.

Ọmọ opó náà ni. Mo wo ìyá rẹ̀ níbi tí ó dúró sí. Kò pariwo, kò sì sá wọ inú omi. Ètè rẹ̀ ń mì. Mo sì rò pé àdúrà ni ó ń gbà, àfi ìgbà tí mo súnmọ́ ọn ni mo gbọ́ pé ó ń kà: mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn, ó kígbe ní ohùn rara pé, “Méjìdínlógún!” Ìgbà náà ni ó tó jókòó sórí ilẹ̀ tí ó sì sunkún.

Ti kẹ̀kẹ́ kò gùn ní sísọ. Àwọn ọ̀dọ́ dúró pẹ̀lú àsíá ní oríta kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń lẹ táyà jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú àpótí irin-iṣẹ́ rẹ̀. A sì ti yẹ bíréèkì gbogbo kẹ̀kẹ́ wò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Awakọ̀ dánfó kan tí a dá dúró bínú ní àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ọmọbìnrin kékeré kan tí ó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ kẹ̀kẹ́ kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́ fún un láti ojú fèrèsé.

Nínú ẹgbẹ́ tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó lúwẹ̀ẹ́, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan gun kẹ̀kẹ́, èmi tí mo ti lé ní ogójì ọdún ni mo sì sáré. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pariwo pé, “Ẹ má dúró o, Bàbá Katikíìsì!” N kò dúró, n kò sì yára. Mo parí, mo mu omi, mo sì padà sí ẹ̀bá ọ̀nà láti lọ ṣe iṣẹ́ tí a yàn fún mi lẹ́yìn ìsáré, níbi tábìlì omi.

Iṣẹ́ náà kéré lójú ẹni tí kò ṣe é rí. Ife kò gbọdọ̀ kún, kí omi má bàa dà sí asáré ní imú. Ìsàlẹ̀ ife ni a ń dì mú, kí òun lè mú òkè rẹ̀. Ẹni tí ń fún un kò gbọdọ̀ dúró gbọingbọin. Yóò bá a rìn ní ìṣísẹ̀ mélòó kan, kí ọwọ́ méjèèjì lè pàdé. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣa ife àti ọ̀rá tí wọ́n jù sílẹ̀. Òórùn mú gidigidi, àwọn asáré sì dáwọ́ dúró láti máa wá. Àwọn tí ó wà pẹ̀lú mi fẹ́ ká tábìlì. Ọmọbìnrin tí ó jẹ́ olórí wa, akẹ́kọ̀ọ́ ni, wo ìwé rẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ó ku ẹnìkan.” A dúró. Ó pẹ́ kí ẹni náà tó yọ ní ọ̀ọ́kán, ọmọbìnrin kan tí ó ń tiro díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó gba omi lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ẹ ṣeun, sà. Mo rò pé ẹ ti lọ.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀yin olùkọ́, mélòó nínú àwọn ọmọ tí ó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn ní kíláàsì yín ni ó rò pé ẹ ti lọ?

Gbogbo ayé ni ó ń rántí ẹni tí ó borí. Nígbà tí a kọ́kọ́ sá eré Lagos City Marathon ní ọjọ́ 6 oṣù February, 2016, láti pápá ìṣeré ńlá ní Surulere dé Eko Atlantic, nǹkan bí kìlómítà 42, ará Kenya ni ó ṣe ipò kìíní, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Orúkọ àwọn tí ó na omi sí àwọn asáré ní ojú ọ̀nà kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí wọn kò bá sí, kò sí asáré tí yóò rí òpin ọ̀nà náà. Ní oṣù September ọdún kan náà, ní erékùṣù Cozumel ní ilẹ̀ Mexico, Jonathan Brownlee ará England wà ní iwájú gbogbo ènìyàn nínú eré ìje mẹ́ta, nígbà tí ooru mú un tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ nígbà tí òpin ọ̀nà ti kù díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Alistair tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lè sáré kọjá lọ borí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé apá àbúrò rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó fà á dé ìlà òpin, ó sì tì í ṣáájú ara rẹ̀. Schoeman tí mo dárúkọ lókè ni ó borí lọ́jọ́ náà, àbúrò ṣe ipò kejì, ẹ̀gbọ́n ṣe ipò kẹta. Ipò kẹta yẹn ni ayé sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 27, a kà nípa ọkọ̀ tí ó rì pẹ̀lú Pọ́ọ̀lù, tí ènìyàn 276 wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó mọ ìlúwẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ bọ́ sínú òkun. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n di pákó àti àfọ́kù ọkọ̀ mú. Gbogbo wọn ni ó sì gúnlẹ̀ láyọ̀. Ìwé Mímọ́ kò sọ fún wa ẹni tí ó kọ́kọ́ dé èbúté. Iye wọn ni ó kọ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ yín wà lẹ́bàá omi, ẹ wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ má sì tijú láti bẹ apẹja tí kò ka ìwé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kan wọ inú omi kí ẹ tó mọ ẹni tí yóò kà á jáde. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí a bá yàn yín láti sáré, ẹ sáré pẹ̀lú gbogbo ọkàn yín. Bí a bá sì yàn yín láti di ife omi mú, ẹ má ṣe rò pé a ti yọ yín kúrò nínú eré. Ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí àwọn àgbà béèrè bí a óò tún ṣe eré náà ní ọdún tí ń bọ̀, opó yìí ni ó kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè. Ó ní òun kò fẹ́ kí a fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ kíka orí.

Ǹjẹ́ kí Ọlọ́run fún wa ní ojú tí ó ń ka ènìyàn, àti ẹsẹ̀ tí kì í kúrò nídìí tábìlì títí ẹni ìkẹyìn yóò fi kọjá.