Nwoye, Àkọ́bí Okonkwo

Ọmọ ọdún méjìlá ni. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣu wà níwájú rẹ̀, wọ́n ní kó gé èbù. Ó mú iṣu kan, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń wá ibi tí ọ̀bẹ yẹ kó gbà kí èbù kọ̀ọ̀kan lè ní ojú tí yóò hù. Kò tíì gé púpọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi jágbe mọ́ ọn: ṣé iṣu tí wọn yóò sè jẹ ló ń gé ni? Ìhàlẹ̀ tẹ̀lé èébú. Ọmọkùnrin kejì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ kò ríbi sá sí, òun náà ń gba tirẹ̀. Ẹni tó bá ti gé èbù rí mọ̀ pé iṣẹ́ àgbà ni, ọwọ́ ọmọdé kì í yá sí i lọ́jọ́ kan. Bàbá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, kò sí ìgbà tó yá jù fún ọmọkùnrin láti bẹ̀rẹ̀.

Nwoye nìyẹn, àkọ́bí Okonkwo, nínú Things Fall Apart, ìwé Chinua Achebe tó jáde ní 1958, tí NTA sì sọ di eré orí tẹlifíṣàn ní 1987. Pete Edochie ló ṣe Okonkwo. Justus Esiri, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe ọ̀gá ilé ìwé nínú The Village Headmaster, ló ṣe Obierika ọ̀rẹ́ rẹ̀. Títí dòní, bí wọ́n bá dárúkọ eré náà, Edochie ni gbogbo ènìyàn ń rántí, ohùn rẹ̀ tó rinlẹ̀ àti ìrìn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá ilẹ̀ jà. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ. Èmi ní tèmi rò pé bí a bá yọ ọmọ yẹn kúrò, ìtàn alágbára kan tó bá ìjọba Òyìnbó jà ló kù, irú rẹ̀ sì pọ̀.

Ní Sábóńgàrí, Kánò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti ń wò ó. Ẹ mọ̀ bí àdúgbò náà ṣe rí: Òyìnbó ló là á fún àwọn àlejò tó ń wá láti gúúsù lẹ́yìn tí rélùwéè wọ Kánò ní 1911, orúkọ títì ibẹ̀ sì ń jẹ́rìí ẹni tó wá síbẹ̀: Yoruba Road, Ibo Road, Enugu Road, Odutola. Nínú agboolé kan ṣoṣo, ará Ògbómọ̀ṣọ́ lè wà ní yàrá kìíní, ará Ọ̀fà ní ìkejì, Ìbò ní ìkẹta, kí gbogbo wọn sì máa fi Hausa ná ọjà. Tẹlifíṣàn kan ló wà nínú ilé wa, ti bàbá onílé ni. Tí iná NEPA bá ti wà, wọn a gbé e sí ẹnu ọ̀nà, a ó sì kó ìjókòó jáde.

Nwoye kì í pẹ́ dá ẹjọ́ sílẹ̀. Bàbá onílé, tó ti ta gàrí àti epo láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí tó fi kọ́lé, a ní, "Ọ̀lẹ lọmọ yìí. Kò lè jogún bàbá ẹ̀." Ìyá Ìbò kan tó ń ta òkìrìkà a dá a lóhùn, Yorùbá rẹ̀ já gaara: "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ yé bú u. Ọmọdé ni." Obìnrin yìí wà lára àwọn tó sá kúrò ní Kánò ní 1966 tí wọ́n sì padà wá lẹ́yìn ogun. Ọmọdé lòun náà nígbà tó sá. N kò rí i kó bínú sí ohunkóhun nínú eré náà tó bó ṣe ń bínú sí ọwọ́ Okonkwo lára ọmọ yẹn.

Ọ̀lẹ ha ni Nwoye bí? Ẹ wò ó dáadáa. Ó ń lọ sóko, ó ń gbé ohun tí wọ́n ní kó gbé. Ohun tó ń ṣe é ni pé ó fẹ́ràn ìtàn. Nínú ilé ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́ àlọ́ ìjàpá, ó ń gbọ́ ìtàn ìjà tó wà láàárín Ilẹ̀ àti Ọ̀run nígbà tí òjò kọ̀ láti rọ̀. Nínú ilé bàbá rẹ̀, ìtàn ogun ni, ti orí tí wọ́n bẹ́, ti ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn. Ọmọ náà mọ̀ pé èyí tó jẹ mọ́ ọkùnrin ni èyí. Nítorí náà ló ṣe ń díbọ́n. Ó ń ṣe bí ẹni pé àlọ́ ìyá òun ti sú òun, ó ń ráhùn nípa obìnrin bí àgbàlagbà, inú bàbá rẹ̀ sì ń dùn. Wàhálà ọmọ yìí wà nínú ìdíbọ́n yẹn. Àwọn tó wà nídìí tẹlifíṣàn rò pé ìgbà tó ń sunkún ni ìdààmú bá a. Ìgbà tó ń rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ gan-an ni.

Bàbá náà ní ìbẹ̀rù tirẹ̀. Unoka, bàbá Okonkwo, afunfèrè ni, ó jẹ gbèsè títí ó fi kú, àìsàn wíwú ló sì pa á, èyí tí kò jẹ́ kí wọ́n lè sin ín nílé. Okonkwo ti fi gbogbo ayé rẹ̀ sá fún òkú yẹn. Bó bá wo ojú Nwoye, Unoka ló ń rí. Ó ń na ọmọ láti fi lé bàbá rẹ̀ jáde lára ọmọ. Ìyá àwọn ìbejì tó wà ní yàrá tó kángun nínú ilé wa máa ń sọ ọ́ bó ṣe ń lọ ata: ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí, tòsì la fi ń fà á mọ́ra. Okonkwo ní ọwọ́ òsì. Ẹ̀rù ló bà á láti lò ó.

Ọdún mẹ́ta péré ni ojú ọmọ náà fi wálẹ̀, ìyẹn nígbà tí Ikemefuna, ọmọkùnrin kejì ìdí èbù yẹn, wà lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ ìlú Mbaino ni Ikemefuna, ọmọ tí wọ́n fi dí ẹ̀mí obìnrin Umuofia, ìlú Okonkwo, kan tí wọ́n pa níbẹ̀. Ó mọ orúkọ gbogbo ẹyẹ. Ó lè fi ọparun gbẹ́ fèrè, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ pàkúté fún ẹranko kéékèèké, ó mọ igi tó dára jù fún ọrun. Nwoye rí ẹ̀gbọ́n. Okonkwo pẹ̀lú fẹ́ràn ọmọ àlejò náà, kò kàn ní í jẹ́ kó hàn ni. Lẹ́yìn náà ni eṣú bo ìlú, tí gbogbo ilé ń sun ún jẹ, tí àgbàlagbà kan sì wá pe Okonkwo síta láti sọ fún un pé wọ́n ti pinnu láti pa ọmọ náà, kó má sì ṣe bá wọn lọ́wọ́ sí i, nítorí bàbá ni ọmọ náà ń pè é. Wọ́n parọ́ pé ilé ni Ikemefuna ń lọ. Nwoye gbọ́, ó bú sẹ́kún, wọ́n sì lù ú bí ẹni lu bàrà. Okonkwo bá wọn lọ. Àdá tirẹ̀ ló parí ẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó wọlé dé, kò sẹ́ni tó sọ fún Nwoye, ó sì mọ̀. Nǹkan kan já nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ ti ṣe é rí, nígbà tí wọ́n ń ti oko ìkórè bọ̀ tó gbọ́ tí ọmọ ọwọ́ ń ké nínú igbó, ìbejì tí wọ́n gbé sínú ìkòkò tí wọ́n sì jù nù. Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, kò sí ẹjọ́ mọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ìyá ìbejì dìde, ó wọlé lọ wo Táíwò àti Kẹ́hìndé níbi tí wọ́n sùn sí.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé nígbà tí àwọn oníwàásù dé Mbanta, ìlú ìyá Okonkwo níbi tí wọ́n lé òun àti ilé rẹ̀ lọ, Nwoye ló kọ́kọ́ fetí sí wọn nínú ilé yẹn. Ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan kò yé e. Orin wọn ló mú un, orin nípa àwọn tó jókòó nínú òkùnkùn àti ìbẹ̀rù. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ti gbọ́ igbe inú igbó yẹn ní tòótọ́. Àwọn kan máa ń sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló gba ọmọ lọ́wọ́ Okonkwo. Ọmọ tó ti jù nù tẹ́lẹ̀ ni wọ́n bá a gbé. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ gbọ́, ó fún un lọ́rùn, ó ní kó sọ ibi tó ti ń bọ̀. Ọmọ náà kò sọ ohunkóhun. Uchendu, àbúrò ìyá Okonkwo, ló pàṣẹ pé kó fi í sílẹ̀. Okonkwo tú ọwọ́, Nwoye jáde, kò padà wá mọ́. Ó padà sí Umuofia lọ kàwé, ó gba orúkọ Isaac, wọ́n sì rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tíṣà ní Umuru.

Wale Ogunyemi ti tú ìwé náà sí Yorùbá, Ìgbésí Ayé Okonkwo, ẹni tí kò rí eré náà lè wá a kà. Ṣùgbọ́n kó má dúró síbẹ̀. Achebe tẹ No Longer at Ease jáde ní 1960, Isaac Okonkwo tó ti darúgbó sì wà nínú rẹ̀, ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bá Obi ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Obi fẹ́ fẹ́ Clara, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ osu, àwọn tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà tí ọmọlúàbí kankan kì í bá dána. Ṣọ́ọ̀ṣì tó gba Nwoye ní Mbanta gba osu wọlé nígbà tí gbogbo ìlú ń sá fún wọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Nwoye mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Síbẹ̀, nígbà tí ọmọ tirẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló fi dá a lóhùn.