Àwọn Onídùúró Inú Kọ̀ǹpútà Mi

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ kan ni mo rà ní Ìkìrun. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé e dání lọ bá ọmọ àbúrò mi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Òkukù. Mo yà ní Inísà, ní ìsọ̀ atẹ̀wé kan tó ní íntánẹ́ẹ̀tì, mo ṣí ìkànnì báńkì mi. Ìkìlọ̀ pupa ni mo bá pàdé: ìwé-ẹ̀rí ìkànnì yìí kò ṣe é fọkàn tán.

"Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ 'tẹ̀síwájú' sí, ẹ̀gbọ́n," ni ọmọkùnrin tó ni ìsọ̀ wí. "Gbogbo wa la máa ń tẹ̀ ẹ́."

N kò tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ń béèrè onídùúró kí ó tó yáni lówó, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń béèrè ẹni tó dúró fún ìkànnì. Orúkọ àwọn onídùúró wọ̀nyí ti wà nínú rẹ̀ kí a tó rà á. Ta ló yàn wọ́n? Kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ìwọ òǹkàwé mi.

Bátìrì aago kọ̀ǹpútà náà ló ti kú. Ọdún 2009 ló rò pé a wà, nítorí náà ìwé-ẹ̀rí báńkì dà bí ìwé tí a kò tíì kọ. Mo tún ọjọ́ ṣe, ìkìlọ̀ pòórá. Ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Mo tẹ certmgr.msc láti wo àwọn onídùúró náà, mo sì bá orúkọ ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan níbẹ̀, bóyá ti ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Lórí èyí, ẹ̀rọ náà kò kìlọ̀ kankan rí.

Mo rántí ọdún 2015. Lenovo ti fi ètò ìpolówó kan, Superfish, sínú àwọn kọ̀ǹpútà kan kí wọ́n tó dé ọjà. Ètò náà mú onídùúró tirẹ̀ wọlé, kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan náà ló sì wà nínú gbogbo wọn. Àwọn onímọ̀ já ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kíá. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ yẹn lè ṣe ayédèrú ìkànnì báńkì, kí kọ̀ǹpútà má sì sọ pé kín ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, irú rẹ̀ tún bá Dell, nípasẹ̀ ìwé-ẹ̀rí tó ń jẹ́ eDellRoot.

Mo pa orúkọ àjèjì náà rẹ́. Síbẹ̀, n kò tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi sórí ẹ̀rọ náà. Mo padà sí Ìkìrun, mo tò sórí ìlà ní báńkì, mo fọwọ́ ara mi san owó náà.