Ẹni Tó Ń Jókòó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Awakọ̀

Ìbejì ni wá, àtìgbà tí a sì ti sin bàbá la ti ń jà lórí jíìpù rẹ̀. Ọ̀kan ní ká tà á, ó ti di irin lásán. Èkejì ní rárá. Jíìpù ọdún 1994 ni, ọkọ̀ tó mọ gbogbo ọ̀nà oko Ìgbò-Ọrà. Ẹ̀yìnkùlé ló wà báyìí, koríko ti ń bo táyà rẹ̀, ọ̀kadà sì ni Màmá fi ń lọ sóko. Lójò tó kọjá, ọ̀kadà yẹn gbé e ṣubú.

Ká má parọ́, a ti náwó. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní bátìrì ni. A ra tuntun. Kò stáàtì. Ẹnì kejì ní kick-starter ni. A ra ìyẹn náà. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, "kà!" kan péré la ó gbọ́, ẹ́ńjìnnì ò ní yí rárá. Ó sú wa, a fẹnu kò: kí oníbàárà kan wá gbé e lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá ò bá wa sọ̀rọ̀. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gé ilá.

Àwa méjèèjì, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà là ń ṣe. Ká wá àṣìṣe inú kóòdù títí a ó fi rí i, oúnjẹ wa nìyẹn. Lẹ́nu iṣẹ́, bí ẹnì kan bá ń pààrọ̀ ohun tí kò tíì yẹ̀ wò, a máa ń bá a wí. Ṣebí ohun tí àwa náà ń ṣe sí jíìpù láti oṣù méje nìyẹn! Ojú tì wá. A mú mítà jáde.

Bátìrì ka vóòtì 12.6, ó kún nìyẹn. A tan iná iwájú, a yí kọ́kọ́rọ́, iná ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ pé kick-starter ń fa iná bó ṣe yẹ, iná iwájú ì bá rẹlẹ̀ díẹ̀. Ó ní ibi tí ọ̀nà ti dí. Ṣùgbọ́n wáyà pọ̀ bí irun orí. A ti fẹ́ máa tú u lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí Màmá lanu.

"Táyé, Kẹ́hìndé, ṣé ẹ ti mi okùn dúdú yẹn?"

"Okùn wo, Màmá?"

"Èyí tó nípọn, tó lọ sísàlẹ̀. Bàbá yín kì í wọlé sínú ọkọ̀ yẹn láì kọ́kọ́ mì í."

A wo ara wa. Ogún ọdún ló fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá lọ sóko. A bi mẹkáníìkì méjì, a wo fídíò títí ilẹ̀ fi mọ́, a ò bi í.

Wáyà tó ti nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì lọ sára ẹ́ńjìnnì ni. A fi ẹsẹ̀ mítà kan síbi kan, ìkejì síbi kejì, a yí kọ́kọ́rọ́. Bí wáyà yẹn bá dáa, kò yẹ kó ka ju ìdajì vóòtì lọ. Ó ka 6. Ilé làbọ̀ sinmi oko: iná tó bá jáde nínú bátìrì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀, ọ̀nà àbọ̀ ló sì dí. A tú bóòtù. Ìpẹtà ti bo abẹ́ rẹ̀. A fi sáńdípépà họ ọ́ títí irin fi dán, a dè é padà gírígírí.

Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tu èéfín, ó dìde.

Ẹni tó ní ká tà á nínú wa ló pe oníbàárà pé kó má wulẹ̀ wá mọ́. Kí ìpè náà tó parí, Màmá ti gbé ilá sílẹ̀, ó ti wọlé sí àyè rẹ̀ níwájú, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ jẹ́ ká tètè lọ," ó ní, "ká lè padà kí ilẹ̀ tó ṣú."