Láti Ìkògà dé Ọ̀tìgbà: Kọ̀ǹpútà Olówó Kékeré fún Iṣẹ́ Inú Ilé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń gbé ìgboro Èkó ni ó rò pé Èkó parí sí Mile 2. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ìkògà tí mo ti ń kọ ìwé yìí wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Bàdágìrì, Ìpínlẹ̀ Èkó náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ti ibẹ̀ dé Ìkẹjà kí ó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà, àfi kí ó jí kí àkùkọ tó kọ. Àgbẹ̀ àti apẹja pọ̀ níbẹ̀, èdè Ògù àti Yorùbá ni etí ń gbọ́ lọ́jà. Iná mànàmáná ń wá, ó sì ń lọ, bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Afẹ́fẹ́ omi a sì máa jẹ irin. Mo tètè mẹ́nu ba iná àti afẹ́fẹ́ yìí nítorí pé àwọn gan-an ni ó sọ irú kọ̀ǹpútà tí a rà, kì í ṣe ẹnu ọlọ́jà.

Olùkọ́ àgbà obìnrin kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Màmá ni mo ń pè wọ́n, nítorí wọ́n jù mí lọ dáadáa. Ọkọ wọn ti di olóògbé, ọmọ méjì sì wà lọ́rùn wọn ní ilé-ìwé gíga. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ní ìparí táàmù, àwọn ilé-ìwé àyíká a máa kó ìbéèrè ìdánwò lọ sí Bàdágìrì fún títẹ̀: owó ọkọ̀ á lọ, ọjọ́ iṣẹ́ á lọ, ìbéèrè Yorùbá á sì padà wálé láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, tí “ọkọ” àti “ọkọ̀” yóò di ohun kan náà. Màmá ní àwọn lè ṣe iṣẹ́ náà ní pálọ̀ àwọn. Wọ́n bá yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, oṣù méjìlá ni wọn yóò sì fi san án láti inú owó oṣù wọn. Gbogbo rẹ̀ kò pé ₦300,000. Bí ẹ̀rọ náà bá kú ní oṣù kẹta, gbèsè kò ní bá a kú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí n bá àwọn lọ.

Ilé ni a ti ṣe ìṣirò kí a tó wọ ọkọ̀. Màmá ti ní bátìrì kan àti ínfátà kékeré tí wọ́n fi ń tan iná. Fóòtì 12 ni bátìrì náà, 100 ni agbára tí a kọ sí i lára. Ẹ sọ 12 di ọ̀nà 100, ó di wáàtì 1,200 fún wákàtí kan. Irú bátìrì olómi-kíkan bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kí a lò ó kọjá ìdajì, nítorí náà 600 ni tiwa. Kọ̀ǹpútà ńlá tí a ṣe fún eré géèmù lè jẹ wáàtì 300, kò sì ní fi wákàtí méjì parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú kékeré tí ó dàbí ìwé atúmọ̀-èdè nínípọn kì í sábà jẹ ju 30 lọ bí a bá ń tẹ̀wé lórí rẹ̀, mọ́nítọ̀ kékeré sì lè jẹ 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50. Bí a bá yọ ohun tí ínfátà ń jẹ, yóò ṣe nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá, bí bátìrì náà bá ṣì lágbára. Ìrìn-àjò wa kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí a ti mọ ohun tí a ń wá.

Ọkọ̀ gbé wa gba Àgbàrá tí í ṣe ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gbé wa dé Òkókómáíkò, a sì kọjá Ọ̀jọ́. Àwọn kan yóò bi mí pé kí ló dé tí a kò sọ̀kalẹ̀ ní Àlàbá. Àlàbá dára fún tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti ẹ̀rọ orin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wá ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, Ọ̀tìgbà ni kí ó lọ, nítorí ṣọ́ọ̀bù pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ óò sì gbọ́ iye mẹ́ta lórí ọjà kan náà kí òógùn ojú yín tó gbẹ. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 láti Mile 2 kọjú sí Marina, kò wúlò fún wa lọ́jọ́ náà. Òṣòdì ni a gbà dé Ìkẹjà.

Ilé gbígbé ni àdúgbò Ọ̀tìgbà tẹ́lẹ̀ rí, kí àwọn ọlọ́jà kọ̀ǹpútà tó gbà á láàárín àwọn ọdún 1990. Nísinsìnyí, láti òpópónà Ọ̀tìgbà dé Pepple dé Ọlá-Ayéni, ènìyàn kò rí ibi fi ẹsẹ̀ sí. Àwọn ọmọkùnrin yóò máa fà yín lápá pé kí ni ẹ fẹ́ rà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ta ni kò tíì gbọ́ ìtàn ẹni tí ó ra fóònù lọ́wọ́ aláte òpópónà, tí ó délé tí ó bá fùfú nínú páálí? Ṣọ́ọ̀bù tí ó ní orúkọ lẹ́nu ọ̀nà, tí ń fúnni ní rìsíìtì, ni a wọ̀.

“Mọ́mì, ẹ gbé èyí,” ni ọ̀dọ́mọkùnrin ibẹ̀ wí, ó fi àpótí dúdú gíga kan hàn wá tí iná aláwọ̀ mẹ́ta ń tàn nínú rẹ̀. “Àwọn ọmọ á gbádùn géèmù lórí rẹ̀.”

“Ọmọ mi,” ni Màmá dáhùn, “ìbéèrè ìdánwò ni mo fẹ́ tẹ̀. Ṣé iná yẹn ni yóò bá mi tẹ̀ ẹ́?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọjà sì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí owó kékeré lè rà tí yóò pẹ́ ni tòkunbọ̀ ilé-iṣẹ́: irú OptiPlex ti Dell, EliteDesk ti HP, tàbí ThinkCentre ti Lenovo, tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun lò fún ọdún mélòó kan tí wọ́n sì kó dànù láti ra tuntun. Ẹ wo orúkọ ọpọlọ rẹ̀. Bí a bá kọ i5-6500T, 6 náà ni ìran kẹfà; i5-8500T jẹ́ ìran kẹjọ. Lẹ́tà T tí ó kẹ́yìn ni èmi ń wá kiri ní tèmi, nítorí ó túmọ̀ sí pé ọpọlọ náà kì í jẹ iná púpọ̀. Ìran sì ṣe pàtàkì: Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì fi ọwọ́ sí ọpọlọ Intel tí kò tó ìran kẹjọ. Ọlọ́jà lè fi ọgbọ́n kó o sórí ìran kẹfà, yóò sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tí ó rà á. Ẹni tí kò bá bẹ̀rù ohun tuntun lè ra ìran kẹfà ní owó pọ́ọ́kú kí ó sì lo Linux Mint àti LibreOffice lórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Màmá ní Windows ni ọwọ́ àwọn mọ̀, a sì mú ìran kẹjọ.

Ibi tí kò yẹ kí a ti ṣahun ni ibi ìpamọ́. Háàdì-dísìkì àtijọ́ ní abọ́ tí ń yí nínú rẹ̀, bí iná bá sì já lójijì ó lè farapa. SSD kò ní ohun tí ń yí. Ó yára, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó ní SSD yóò já fáfá ju tuntun tí kò ní i. A ra 256GB, a ra á ní tuntun, a sì rí i kí wọ́n tú páálí rẹ̀ lójú wa. Ráàmù 8GB tó fún ìwé títẹ̀. A mú un ní ẹyọ kan kí àyè kejì ṣófo de ọjọ́ iwájú, nítorí láti ìparí ọdún 2025 ni ráàmù ti gbówó lórí káàkiri ayé, bí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń kó o fún àwọn ẹ̀rọ òye àtọwọ́dá wọn. DDR3 kò wọ ojú ihò DDR4 o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí tì yín lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ọlọ́jà kì í sábà sọ. Púpọ̀ nínú àwọn àpótí gíga OptiPlex ni okùn páwà wọn kò bá èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà mu. Bí iná bá jó o ní Ìkògà, ẹ óò wá títí. Ṣùgbọ́n irú kékeré ń lo ṣájà bíi ti láptọ́ọ̀pù, ibi púpọ̀ ni a sì ti lè rí i. Kí ó ṣáà jẹ́ ti Dell fún Dell, nítorí ẹ̀rọ náà mọ ṣájà tirẹ̀. Bí a bá fi òmíràn sí i, ó lè máa wọ́ bí ìgbín.

A ní kí wọ́n tú ìdérí rẹ̀. A wò bóyá ìpẹtà aláwọ̀ ewé wà lára wáyà àti ojú irin inú rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tí ó ti ń pẹtà kí ó tó dé etí omi, ilé ìsìnkú ni ó ń lọ. A tàn án, a pa á, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A ki fúláàṣì bọ gbogbo ihò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A wọ inú ètò ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti rí i pé ilé-iṣẹ́ tí ó lò ó kò fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tì í pa. Déètì rẹ̀ ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí a bá yọ iná. Bátìrì kékeré bí owó ẹyọ, CR2032, ni ó kú, ọlọ́jà sì fi tuntun sí i láìgba owó. Nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà ni a ní kí ó kọ sí rìsíìtì. Ó kọ́kọ́ lọ́ra, ṣùgbọ́n Màmá ti jókòó.

Owó kò ká ẹ̀rọ tí ń tẹ ìwé jáde. Tábìlì gíga ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà sí, kúrò lẹ́nu fèrèsé tí afẹ́fẹ́ omi ń gbà wọlé, wọ́n sì fi aṣọ bò ó bí wọn kò bá lò ó. Mo bá wọn ṣí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí ó ti wà nínú Windows fúnra rẹ̀, ìbéèrè èdè Yorùbá sì ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, pẹ̀lú àmì rẹ̀ pérépéré. Fúláàṣì nìkan ni ilé-ìwé tí ó ni ín gbé lọ sí Bàdágìrì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n sì padà kí aago méjìlá tó lù.