Òdo Ni Nọ́ńbà Ẹni Àkọ́kọ́

Ohun kan wà tí gbogbo wa ń ṣe bákan náà, àti olówó àti tálákà, àti ọ̀gá àti ọmọṣẹ́. Bí wọ́n bá lẹ ìwé orúkọ mọ́ ara ògiri, tiwa ni a kọ́kọ́ ń wá. A kì í bèèrè ẹni tí ó kọ ọ́, a kì í wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ojú á máa sáré láti òkè dé ìsàlẹ̀, àyà á máa já, títí a ó fi rí orúkọ tí bàbá wa sọ wá. Bí a bá rí i, a ó mí kanlẹ̀. Bí a kò bá rí i ńkọ́? Ẹni tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí rí ni kí ẹ bi.

Láyé ijọ́un, akọ̀wé ni ń fi gègé kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fo orúkọ ẹnìkan, a ó ní oorun ló ń kùn ún, tàbí pé ó ń bá ẹni náà jà. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbé e fún. Bí orúkọ kò bá sì jáde, èsì tí a ó gbọ́ kò ju ọ̀kan lọ: "Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a jọ tú wò lónìí, nítorí mo rí ibi tí ó ti fẹ́ da àdúgbò kan rú.

Àwọn mẹ́jọ kan ń dá èésú ní àdúgbò wa. Olúkúlùkù ń dá 20,000 náírà lóṣù, ẹnìkan ṣoṣo a sì kó 160,000 náírà. Ìyá Alákàrà ni ó dá èésú náà sílẹ̀, òun náà ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ kó nínú àyípo tuntun. Ó ti pín owó náà tán lọ́kàn rẹ̀: ẹ̀wà àpò kan, epo kẹ́ẹ̀gì kan, kí èyí tí ó kù sì lọ sí owó ìdánwò WAEC ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ Tíṣà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní òun ó bá wọn ṣe ìwé orúkọ tí ojú yóò rí tí yóò wuni. Ó ṣe é lóòótọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù Télọ̀.

Ìyá Alákàrà kò mọ ìwé kà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó bá a kà á. Ọmọ náà kà á tán, ó tún un kà, ó ní, "Màmá, orúkọ yín ò sí níbẹ̀ o." Bàbá Télọ̀ ni ó wà lókè pátápátá.

Ìyá náà kò jà. Ó ká irin iṣẹ́ rẹ̀, ó wọlé, kò sì din àkàrà fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èésú dáadáa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Èésú kò ní lọ́yà, kò ní báńkì lẹ́yìn. Ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan ni ó so ó ró. Ní ọjọ́ kejì, àwọn kan ti ń sọ pé Télọ̀ ti fún ọmọ náà ní nǹkan kí ó lè bọ́ síwájú. Ìyá Elépo ní òun kò dá tòun mọ́ bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí.

Èmi kò sí nínú èésú náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa nínú ìwé ìròyìn ni kí a máa tọpa ọ̀rọ̀. Mo lọ bá ọmọ Tíṣà nílé, mo ní kí ó ṣí ẹ̀rọ náà kí èmi náà fi ojú ara mi rí i. Ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Dádì, mi ò yọ wọ́n o! Ẹ wò ó, Màmá ló wà níbẹ̀rẹ̀." Òótọ́ sì ni. Nínú kọ̀ǹpútà, Ìyá Alákàrà ni àkọ́kọ́ nínú àwọn mẹ́jọ. Orúkọ rẹ̀ wà nínú lísìtì. Kò kàn jáde lórí bébà ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Python ni orúkọ èdè tí ọmọ náà fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní ìparí ọdún 1989, tí ó sì gbé e jáde ní 1991. Ejò ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ejò kọ́ ni ó ń rò. Eré apanilẹ́rìn-ín kan tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n BBC, Monty Python's Flying Circus, ni ó ti mú orúkọ náà.

Bí a bá fẹ́ ṣe lísìtì ní èdè yìí, a ó fún un lórúkọ, a ó wá kó àwọn ohun inú rẹ̀ sáàárín àkámọ́ onígun méjì, kọ́mà á sì máa là wọ́n. Ohun tí ọmọ náà kọ nìyí:

oruko = ["Ìyá Alákàrà", "Bàbá Télọ̀", "Ìyá Ìbejì", "Bírìkìlà", "Tíṣà", "Ìyá Elépo", "Dírẹ́bà", "Ìyá Onírẹsì"]

Mẹ́jọ pé. Bí a bá fẹ́ pe ẹnìkan jáde nínú wọn, a ó dárúkọ lísìtì náà, a ó sì kọ nọ́ńbà àyè tí ẹni náà jókòó sí. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó kọ

print(oruko[1])

ń rò pé ẹni àkọ́kọ́ ni òun pè. Bàbá Télọ̀ ni yóò jáde! Ìyá Alákàrà wà ní àyè òdo. Bí a bá fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ jáde, ohun tí a ó kọ ni

print(oruko[0])

"Kí ló dé tí èèyàn á fi máa ka nǹkan láti orí òdo?" Ohun tí mo bi ọmọ náà nìyẹn, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń bèèrè rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí. Nọ́ńbà tí a kọ sínú àkámọ́ náà kì í ṣe ipò ẹni, ìrìn ni. Kọ̀ǹpútà to àwọn àyè náà tẹ̀léra bí ìsọ̀ ọjà tí fífẹ̀ wọn dọ́gba. Ó dúró síbi ìsọ̀ àkọ́kọ́, ó ń bi wá pé: ìsọ̀ mélòó ni kí n fò kí n tó dé ibi tí ẹ ń rán mi? Ẹni tí ń lọ sí ìsọ̀ àkọ́kọ́ kò ní í fo ìkankan, nítorí náà òdo ni. Ẹni tí ń lọ sí ìkejì á fo ọ̀kan. Ẹni tí ń lọ sí ìkẹjọ á fo méje. Ìṣirò kékeré yìí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa ya ilé kọ̀ọ̀kan wò. Ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún orúkọ ni ó wà níbẹ̀, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni yóò bọ́ síbi tí a rán an.

Ìṣirò tiwa yàtọ̀. Ẹ wo ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún. Bí wọ́n bá ná an lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tún ná an. Àwọn baba wa ka Ajé mọ́ ọn: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, márùn-ún pé. Bí a bá bi kọ̀ǹpútà, mẹ́rin ni yóò sọ, nítorí pé oorun mẹ́rin péré ni a sùn láàárín wọn. Ta ni ó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì? Kò sí. Ọ̀kan ń ka ọjọ́, èkejì ń ka ìrìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé alájà kan. Ṣebí èrò ń gbé ìsàlẹ̀, èrò ń gbé òkè? Ìpele méjì ni, ṣùgbọ́n ti ìsàlẹ̀ kò wọ ìṣirò. Ẹ ò rí i pé òdo ti wà láàárín wa tipẹ́.

Àwọn tí ń ṣe èdè kọ̀ǹpútà pàápàá kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Fortran, tí ilé iṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1957, orí ení ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Edsger Dijkstra, ọmọ Nẹ́dálándì kan náà, kọ ìwé kékeré kan ní 1982 láti fi hàn pé orí òdo ni ó yẹ. Python gba ti òdo.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí bébà tí ó dá ìjà sílẹ̀. Ohun tí ọmọ Tíṣà kọ nìyí:

for i in range(1, 8):
    print(oruko[i])

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, máa lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì dúró kí o tó kan 8. Láti 1 dé 7, orúkọ méje ni. Ìyá Alákàrà ní àyè òdo kò gbọ́ ìpè. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹ̀rọ náà kò sọ nǹkan kan. Kò pariwo, kò kìlọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ náà lọ títí dé àyè 8, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, Python ì bá figbe ta pé IndexError: list index out of range, èyíinì ni pé nọ́ńbà tí o pè ti kọjá òpin lísìtì. Bí o bá pe ẹni tí kò sí, á bá ọ wí. Bí o bá fo ẹni tí ó wà, á wò ọ́ níran.

Ọ̀nà tí kò mú àṣìṣe lọ́wọ́ ni kí a má tilẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà:

for eni in oruko:
    print(eni)

Mú ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú oruko, kí o sì dárúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ́ kù. Bí a bá sì fẹ́ kí nọ́ńbà hàn níwájú orúkọ kí ó lè yé èèyàn, èyí tí a ó lò ni

for nomba, eni in enumerate(oruko, start=1):
    print(nomba, eni)

Ìyá Alákàrà á di 1 lójú aráyé, á sì ṣì wà ní àyè òdo nínú ẹ̀rọ.

Ọgbọ́n kan wà nínú Python tí ó dùn mọ́ mi nínú, nítorí ó jọ ti Yorùbá. Bí a bá kọ oruko[-1], ẹni ìkẹyìn ni yóò jáde, Ìyá Onírẹsì. oruko[-2] ni ti Dírẹ́bà. Láti ẹ̀yìn ni ó ti ń kà á bọ̀, bí àwa náà ṣe ń dín mẹ́rin kúrò nínú ogún kí a tó rí ẹ́rìndínlógún. A sì lè gé lára lísìtì. oruko[0:3] á mú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ wá. Ó ń dé ẹnu ọ̀nà àyè 3, ṣùgbọ́n kì í wọlé.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn. "Print" tí àwa òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn mọ̀ ni kí tàdáwà kan bébà. Ti Python kò rí bẹ́ẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ni ó ń kọ ọ́ sí, ó di ìgbà tí a bá fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kí ó tó di bébà. Ẹni tí ó bá sì ra ìwé àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn olùtàwé ẹ̀gbẹ́ títì á rí print oruko[0] tí kò ní àkámọ́ roboto. Ti Python 2 nìyẹn. Python 3 tí ó jáde ní ìparí 2008 kò gba bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti dẹ́kun ìtọ́jú Python 2 láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020.

Ọmọ Tíṣà tún ìwé náà tẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó mú un lọ fún Ìyá Alákàrà fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Màmá bi í pé, "Ṣé èmi ni òdo yẹn?" Ọmọ náà kò mọ ohun tí yóò sọ. Màmá rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Láti ara òdo náà ni ẹ̀yin yòókù ti bẹ̀rẹ̀." Ó kó owó rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó yẹ, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì san owó ìdánwò.

Ti èésú mẹ́jọ tètè yanjú, nítorí a mọ ilé ọmọ tí ó kọ ọ́. Àmọ́ lísìtì owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Ti àwọn tí yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga? Ti olùdìbò? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ ni ó wà níbẹ̀, ta ni yóò mọ̀ bí ẹyọ kan bá bọ́ sílẹ̀? Ẹ̀yin tí irú iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ ka iye tí ó wọlé, kí ẹ ka iye tí ó jáde. Ẹ wo orí, ẹ wo ìdí, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wá orúkọ yín tí ẹ kò rí i, ẹ má tètè gbà pé wọ́n ti yọ yín. Bí akọ̀wé bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ rọra bi í pé: láti orí nọ́ńbà wo ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí kà?