Láti Ìdìrókò dé Àjàṣẹ́

Lọ́dún 2016, àwa tọkọtaya gba Ìdìrókò kọjá sí Ìgólò, a wọ ọkọ̀ dé Àjàṣẹ́, láti wá iṣẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀gá ilé-ìwé fi Faransé bi wá ní ìbéèrè. A kò gbọ́. Ó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, a sì dáhùn. Nígbà tó fẹ́ mọ ìlú wa, Yorùbá ló fi béèrè, ni gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní iye wákàtí tí a bá fi kọ́ni ni òun yóò sanwó rẹ̀. Oṣù ìsinmi kò ní owó. A wojú ara wa. Ọmọ mẹ́ta wà nílé. A gbà.

Ó fún wa ní kíláàsì kẹfà. Òru mọ́jú ni a fi múra ẹ̀kọ́ tó le sílẹ̀ fún àwọn àgbà ọmọ. Ìgbà tí a wọlé, àwọn ọmọ kéékèèké ló dìde kí wa! Àṣé ẹ̀fà ni ìbẹ̀rẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì níhìn-ín, wọ́n sì ń kà á bọ̀ wá sẹ́yìn. A pa ìwé wa dé, a nawọ́ sí ilẹ̀kùn, a nawọ́ sí àga.

Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé wọn, a máa ń fi Yorùbá là á. Lọ́jọ́ kan ọmọ Ègùn kan dìde: “Tíṣà, àwa ńkọ́?” Ojú tì wá. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń fi Ègùn là á fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì ń tún Faransé wa ṣe lẹ́yìn ilé-ìwé.