Dọ́là kan lójúmọ́: ṣé káàdì ìrìnàjò pé?

1/
Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ máa ń bi mí nínú DM pé, "Ṣé káàdì ìrìnàjò tó ń gba owó lọ́dọọdún yẹn pé?", ẹ sún mọ́bí. Owó ọdún tèmi, $95, máa jáde lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti jókòó ṣírò ẹ̀, mo sì fẹ́ ká jọ ṣe é ní gbangba. Ó gùn o. Ẹ gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

2/
Fún ẹni tí kò tíì ní in: credit card ni. Báǹkì ń yá yín lówó, ẹ ń fi rajà, ẹ sì ń san án padà lópin oṣù. Dọ́là kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ná ní póìntì tiẹ̀. Ẹ lè sọ póìntì yẹn dowó, tàbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kí wọ́n fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì.

3/
Ẹni tó bá ti tẹ̀lé màmá ẹ̀ lọ sọ́jà Bódìjà rí mọ ohun tí póìntì jẹ́. Èènì ni. Ẹ ra gààrí kóńgò mẹ́ta, ìyá onígààrí bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, inú yín dùn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó ra kóńgò mẹ́wàá torí èènì. Mi ò sì tíì rí ìyá oníṣòwò tó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó lọ́dọọdún kí èènì yín lè pọ̀. Káàdì yìí ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

4/
Mi ò ní ìyẹn burú o. Alájọ náà ń gba tiẹ̀. Ẹni tó bá ń dá àjọ ojoojúmọ́ mọ̀ pé owó ọjọ́ kan nínú oṣù, ti alájọ ni. À ń san án torí a mọ iṣẹ́ tó ń bá wa ṣe: ó ń tọ́jú owó tí ọwọ́ wa ì bá ti ná. Nítorí náà, ìbéèrè mi ni pé: iṣẹ́ wo ni káàdì olówó ọdún ń bá mi ṣe tí káàdì ọ̀fẹ́ ò lè ṣe?

5/
Tèmi ni Chase Sapphire Preferred. Dọ́là kan nílé oúnjẹ, póìntì 3. Dọ́là kan lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí mo fúnra mi rà, póìntì 2. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, póìntì 1. Tí mo bá sọ póìntì dowó, sẹ́ǹtì kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ di sẹ́ǹtì kan yẹn mú, a máa padà síbẹ̀.

6/
Ìnáwó mi fún ọdún kan ní Houston, láìka owó ilé:

Ilé oúnjẹ: $2,400 = póìntì 7,200
Tíkẹ́ẹ̀tì, torí òde Atlanta àti Maryland ò tán: $1,500 = póìntì 3,000
Epo mọ́tò, owó iná, aṣọ, gbogbo ìyókù: $9,600 = póìntì 9,600

Lápapọ̀: $13,500, póìntì 19,800.

7/
Ibi tí àwọn tó ń ṣe fídíò káàdì ti máa ń fò ó nìyí. Wọ́n á fi káàdì olówó wé àìní káàdì rárá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi wé káàdì ọ̀fẹ́ tó dáa. Wells Fargo Active Cash ń dá 2% padà lórí ohun gbogbo, kò sì gba owó ọdún. Citi Double Cash ń fúnni ní 1% nígbà rírà, 1% mìíràn nígbà tẹ́ ẹ bá san án padà, òun náà ò gba owó ọdún.

8/
2% nínú $13,500 jẹ́ $270. Tèmi ńkọ́? Póìntì 19,800 jẹ́ $198. Ẹ yọ $95 kúrò, ó ku $103.

$103 sí $270. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

9/
"Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ póìntì dowó? Tíkẹ́ẹ̀tì la fi ń gbà!" Òótọ́ ni. Ó dáa, kí káàdì mi tó lè bá káàdì ọ̀fẹ́ dọ́gba, póìntì 19,800 gbọ́dọ̀ tó $270 pẹ̀lú $95 tí mo san. $365 nìyẹn. Ẹ pín in: póìntì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó sẹ́ǹtì 1.84. Àwọn kan lè rí sẹ́ǹtì 2, kódà ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá lórí ìjókòó àwọn olówó níwájú ọkọ̀. Èló ni TÈMI tó?

10/
Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo gba káàdì náà, báǹkì ní ẹni tó bá ná $4,000 láàárín oṣù mẹ́ta máa gba póìntì 60,000. Oṣù tí owó ìnsọ́ránsì mọ́tò àti owó ilé-ẹ̀kọ́ mi fẹ́ jáde ni mo dúró dè kí n tó gbà á, kí n má baà ra nǹkan tí mi ò ní rà tẹ́lẹ̀. Mo fi ìnáwó yòókù kún un, ó di 70,000.

11/
Mo fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí Flying Blue, ti Air France. Houston sí Paris, Paris sí Èkó, àlọ àti àbọ̀, nínú oṣù February. Màámi pé 60 lọ́dún yẹn. Mo wà níbẹ̀. Mo bá wọn jó, mo bá wọn gba àlejò, mo sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lálẹ́ ọjọ́ náà bíi ti ìgbà tí mo wà ní pírámárì. Mi ò lè fi iye kan sí ìyẹn.

12/
Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì yẹn níye. $1,350 ni tí mo bá fẹ́ fi owó rà á. Mo ṣì san $320 fún owó orí àtàwọn owó mìíràn tí wọ́n fi kún un. Ohun tí póìntì gbà sílẹ̀ fún mi jẹ́ $1,030. Ẹ fi 70,000 pín in: sẹ́ǹtì 1.47. Ó ju sẹ́ǹtì kan lọ, ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò dé 1.84.

13/
Ẹnìkan máa ní, "Káàdì yẹn ń dá $50 hòtẹ́ẹ̀lì padà lọ́dún." Bẹ́ẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá gba hòtẹ́ẹ̀lì náà lójú ìwé ìrìnàjò báǹkì. Tí mo bá kà á, 1.84 á wálẹ̀ sí 1.59. Mi ò tíì dé ibẹ̀ náà. Ká má tiẹ̀ purọ́, tí mo bá lọ òde ní Atlanta, ilé àǹtí mi ni mò ń sùn. Ta ló fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ tí mo bá lọ gba hòtẹ́ẹ̀lì?

14/
Òfin mi nìyí: ohun tí mi ò ní fi owó ara mi rà, òdo ni mò ń kọ síwájú ẹ̀. A ò ní torí àtijẹran ká wá máa pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá.

15/
Káàdì ńláńlá ńkọ́? Owó ọdún Sapphire Reserve gòkè láti $550 sí $795 ní 2025. American Express Platinum fò láti $695 sí $895 lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n á ní ẹ̀dínwó inú ẹ̀ ju owó ẹ̀ lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pín in: $200 Uber ti Platinum kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan. $15 lóṣù ni, $35 ní December. Oṣù tẹ́ ẹ ò bá lò ó, ó lọ nìyẹn.

16/
Kì í ṣe pé ẹni tó gbà á ò gbọ́n o. Bọ̀ọ̀dá mi kan ní Maryland ń wọkọ̀ òfurufú lọ síbi iṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lounge ni wọ́n ti ń jẹun àárọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe mítíìn. Iléeṣẹ́ wọn ń dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà, póìntì ń wọ àpò wọn. Fún wọn, $895 pé. Èmi tí mò ń rí ẹ́pọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, mo lè di ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù dání jàre.

17/
Àwọn nǹkan mẹ́ta kan wà tó kan àwa ọmọ ilé gan-an.

Àkọ́kọ́, owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ má torí póìntì fi credit card ṣe é. Ọ̀pọ̀ báǹkì ń kà á bí ìgbà tẹ́ ẹ fi credit card yọ owó lẹ́nu ATM: wọ́n á gba owó iṣẹ́, èlé á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, póìntì ò sì ní wọlé.

18/
Ìkejì, "kì í gba 3% lókè òkun." Òótọ́ ni, káàdì mi kì í gbà á, àwọn ọ̀fẹ́ méjì tí mo dárúkọ yẹn ń gbà á. Ṣùgbọ́n tí mo bá délé, ta ló ń fi káàdì Amẹ́ríkà ra àmàlà? Tíránsífà ni, náírà ni. Kódà tí mo bá fi káàdì ná $500 nílé, $15 péré ni mo gbà sílẹ̀.

19/
Ìkẹta, December. Ìgbà tí gbogbo wa fẹ́ lọlé lẹ́ẹ̀kan náà ni póìntì máa ń wọ́n. Delta àti United ò ní iye póìntì kan pàtó fún ìrìnàjò kan mọ́; bí èrò ṣe ń pọ̀ ni wọ́n ń gbé e sókè. Èmi lè lọ ní February. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ wà nílé-ẹ̀kọ́, tàbí tí ẹbí ti dá ọjọ́ ìnáwó fún, ò lè sún ọjọ́ kankan.

20/
Tẹ́ ẹ bá sì ń jẹ gbèsè lórí káàdì látoṣù dóṣù, ẹ gbàgbé póìntì. Èlé credit card ní Amẹ́ríkà sábà máa ń ju 20% lọ. $1,500 tó bá jókòó síbẹ̀ fún ọdún kan lórí 22%, èlé ẹ̀ á tó $330. Ẹ̀yin lẹ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún báǹkì nígbà yẹn.

21/
Ó wá ku èmi. Ọdún àkọ́kọ́ pé mi, torí póìntì 60,000 yẹn. Ìyẹn ò ní tún wá lọ́dún yìí. Ohun tí mo máa rí láti ìsinsìnyí lọ ni 19,800 lọ́dún. Kí n tó tún kó 70,000 jọ, ó máa gbà mí ní ọdún mẹ́ta àtààbọ̀. Wọ́n á ti gba $95 lẹ́ẹ̀mẹrin, $380. Mo sì tún máa san $320 lọ́jọ́ tíkẹ́ẹ̀tì.

22/
Ọdún mẹ́ta àtààbọ̀. Màámi kì í béèrè póìntì. Gbogbo ọjọ́ Sunday, ohun tí wọ́n ń béèrè ni, "Ìgbà wo lò ń bọ̀?" Ohun tó sì jẹ́ kí n jókòó ṣírò gbogbo èyí ni pé káàdì yìí máa ń jẹ́ kó dà bíi pé mo ti wà lójú ọ̀nà. Mo jẹun níta, póìntì wọlé, ọkàn mi á ní, "À ń lọlé." Nígbà tó jẹ́ pé oúnjẹ ni mo rà. Ilé ṣì jìnnà bó ṣe jìnnà.

23/
Nítorí náà, mo máa pe báǹkì. Mi ò ní ti àkáǹtì náà pa. Mo máa ní kí wọ́n yí i sí èyí tí kò gba owó ọdún, kí ọjọ́ orí àkáǹtì náà má baà sọ nù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi póìntì yín ránṣẹ́ sọ́kọ̀ òfurufú tẹ́ ẹ bá ní ìrìnàjò nílẹ̀, torí káàdì ọ̀fẹ́ Chase nìkan ò lè fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo máa gba káàdì 2%.

24/
$270 tó máa dá padà, àti $95 tí mi ò san: $365. Ọjọ́ mélòó ló wà nínú ọdún? Dọ́là kan lójúmọ́. Àjọ ni, tí kò ní alájọ. Ní ọdún mẹ́ta àtààbọ̀, ó máa lé ní $1,270. Tíkẹ́ẹ̀tì $1,350 yẹn, nǹkan bíi $80 ló máa kù kí n fi kún un, kì í ṣe $320. Ọkọ̀ tó bá wù mí ni mo lè wọ̀, lọ́jọ́ tó bá wù mí. Tó bá sì jẹ́ Màámi ló nílò owó oògùn kó tó dìgbà yẹn, owó ni, wọ́n lè ná an.

25/
Tiyín lè yàtọ̀ sí tèmi. Ẹ kọ ìnáwó ọdún kan sílẹ̀. Ẹ ka póìntì ẹ̀. Ẹ yọ owó ọdún. Ẹ fi wé 2%. Tó bá ju 2% lọ, ẹ gbà á, ẹ gbádùn ẹ̀, mi ò ní bá yín jà. Ẹ gbé iye tiyín sísàlẹ̀ níbí, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.